Bí Ọ̀rọ̀ Eré Ṣe Ń Dúró Lórí: Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ tó Ń Lọ sí Ìdánwò Òṣèré

Ọ̀dọ́ Abomey-Calavi tó bá fẹ́ di òṣèré kò ní rìn jìnnà kó tó rí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ náà. Ní Togbin ni Alougbine Dine, olùdarí eré tí òkìkí rẹ̀ kàn, dá ilé-ẹ̀kọ́ tíátà rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí à ń pè ní École internationale de théâtre du Bénin. Láti 1991 ni àjọ̀dún tíátà FITHEB sì ti ń pe àwọn ẹgbẹ́ òṣèré láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá sí ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gun orí pèpéle, ẹnu ọ̀nà kan wà tó gbọ́dọ̀ gbà kọjá: ìdánwò tí wọ́n fi ń yan òṣèré. Yóò dá dúró níwájú àwọn tó ń yan ènìyàn, yóò sì sọ ọ̀rọ̀ eré kan láìwo ìwé.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ohùn wọn dára, ìdúró wọn dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ á pòórá lẹ́nu wọn. Wọn á padà sílé, wọn á sì sọ ohun tí èmi gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́dọọdún: «Orí mi kì í gba nǹkan.» Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òtítọ́. Iṣẹ́ ni ìrántí, ó ní bí a ti ń ṣe é, àwọn baba wa sì ti ń ṣe é kí ìwé tó dé.

Àwọn tó fi ìrántí ṣe iṣẹ́

Ní Kétu, oyè kan wà tí ìrántí jẹ́ òpó rẹ̀: oyè Baba Elégùn. Nígbà tí wọ́n bá ń fi Alákétu tuntun jẹ, ẹni tó wà ní ipò yìí ni yóò sọ ìtàn ìlú àti ti àwọn ọba tó ti jẹ, láìwo ìwé, níwájú gbogbo ènìyàn. Bí ó bá sọ ọ́ já, ẹ̀bùn ń bẹ fún un. Bí ó bá ṣì í sọ, ìgbàgbọ́ ìlú ni pé ìyà ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ìdánwò òṣèré kankan ní Calavi tó le tó èyí.

Ẹ wo ọmọ awo tó ń kọ́ Ifá pẹ̀lú. Odù 256 ló wà níwájú rẹ̀, 16 nínú wọn sì ni ojú odù. Àwọn ẹsẹ tó wà lábẹ́ odù kọ̀ọ̀kan pọ̀ débi pé ó lè lo ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́sẹ̀ olúwo rẹ̀. Báwo ló ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ọ̀jọ̀gbọ́n Wande Abimbola, tó ti ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí Ifá, fi hàn pé ẹsẹ Ifá ní ìlànà tó lè ní ìpín mẹ́jọ: orúkọ awo tó dífá, ẹni tí a dífá fún, ìdí tí a fi dífá, ohun tí a ní kó ṣe, bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é, ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, bí ó ṣe yọ̀ tàbí kábàámọ̀, àti ẹ̀kọ́ inú rẹ̀. Ọmọ awo tó bá sọnù sí ìpín kẹrin mọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà ní ìkarùn-ún, yóò sì tètè rí ọ̀nà padà. Olúwo á sọ gbólóhùn kan, ọmọ awo á wí i tẹ̀lé e. Ti àná á kọ́kọ́ já geere kí wọ́n tó fi tòní kún un. Nígbà tó bá sì ń sun ìyẹ̀rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́, àwọn yòókù ń gbè é, wọ́n sì ń tọ́ ọ sọ́nà bí ó bá ṣì.

Ohun tí àwọn onímọ̀ rí

Ní 1885, Hermann Ebbinghaus, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tẹ ìwé jáde lórí ìdánwò tó fi ara rẹ̀ ṣe. Ó há àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó sì ń wo bí wọ́n ṣe ń sá lọ. Ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn ń lọ láàárín ọjọ́ kan péré, àti pé kíkọ́ nǹkan ní ọjọ́ púpọ̀ sàn ju kíkó gbogbo rẹ̀ jọ sí ọjọ́ kan. Àwọn àgbà wa ti sọ bẹ́ẹ̀: díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní Amẹ́ríkà fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì irú wéra: àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ kan lákàtúnkà, àti àwọn tó pa ìwé dé tí wọ́n ń gbìyànjú láti rántí rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó ń kà á lákàtúnkà ló ta yọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn tó pa ìwé dé ló rántí jù. Ìdí nìyí tí ẹni tó ka ọ̀rọ̀ eré títí di òru fi ń rò pé òun ti mọ̀ ọ́n, tí kò sì rí i lẹ́nu nígbà tó yá.

Helga Noice àti ọkọ rẹ̀ Tony, tó jẹ́ òṣèré, ṣe ìwádìí lórí bí àwọn òṣèré gan-an ṣe ń kọ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n rí i pé àwọn tó mọ iṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àhásórí. Wọ́n ń béèrè ohun tí ẹni inú eré ń fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń rìn bí wọ́n ti ń sọ ọ́ máa ń pẹ́ lórí wọn ju èyí tí wọ́n dúró lójú kan sọ.

Bí a ó ṣe ṣe é

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀rọ̀ kan láti inú *Kondo le requin*, eré tí Jean Pliya kọ lórí ọba Béhanzin ní 1966, ni wọ́n ní kí ẹ mú wá.

Èkíní, ẹ fi èdè ilé yín gbọ́ ọ yé. Ẹ ka apá náà, ẹ pa ìwé dé, kí ẹ sì sọ fún ẹnì kan nílé, ní Yorùbá, ohun tí ọba ń sọ, ẹni tó ń sọ ọ́ fún, àti ohun tó ń fẹ́. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, kò tíì tó àkókò láti há a sórí.

Èkejì, ẹ pín in. Ibi tí èrò ọkàn olùsọ̀rọ̀ ti yí padà ni kí ẹ fa ìlà sí. Ẹ fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ó bẹ̀, ó halẹ̀, ó rántí, ó búra. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí ni yóò jẹ́ òpó ilé fún ogún ìlà Faransé.

Ẹ̀kẹta, ẹ dìde. Ẹ so ìpín kọ̀ọ̀kan mọ́ ìgbésẹ̀ kan tàbí ìwò ojú kan. Ṣùgbọ́n yàrá ìdánwò kì í ṣe yàrá yín: ẹ sọ ọ́ nínú àgbàlá, ní etí ọ̀nà, níbi tí ariwo wà, kó má bàa jẹ́ ògiri ilé yín nìkan ló ń rán yín létí.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ kí etí ṣiṣẹ́. Nínú eré bí *Le Cid* tí Corneille kọ ní 1637, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìlà ní sílébù 12, ó sábà máa ń mí díẹ̀ lẹ́yìn ìkẹfà, ìparí rẹ̀ sì ń dún bá ti ìlà mìíràn mu. Bí ẹ bá ka 11, ọ̀rọ̀ kan ti jábọ́. Síbẹ̀, ẹ má ṣe há ohùn orin kan ṣoṣo mọ́ ọ̀rọ̀ náà bí ọmọ iléèwé tó ń ké àkọ́sórí. Àwọn tó ń yan òṣèré lè ní kí ẹ tún un sọ ní ọ̀nà mìíràn. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, ẹ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹ ti ń fọ abọ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ pín ọjọ́. Bí ọjọ́ mẹ́wàá bá wà nílẹ̀, ẹ fi méjì lóye rẹ̀, kí ẹ fi mẹ́rin kọ́ ìpín kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa kọ́kọ́ sọ ti àná láìwo ìwé láràárọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin tó kù wà fún gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Alẹ́ tó ṣáájú ìdánwò, ẹ sùn.

Ẹ̀kẹfà, ẹ wá agbè. Kí ọ̀rẹ́ kan di ìwé mú, kó má sì dárí àṣìṣe jì yín. Bí kò bá sí ẹnì kan, ẹ gba ọ̀rọ̀ àwọn ẹni inú eré yòókù sínú fóònù, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún tiyín, kí ẹ máa dá a lóhùn.

Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù

Ó lè sọnù síbẹ̀síbẹ̀. Nígbà náà, ẹ rántí àwọn òṣèré alárìnkiri ilẹ̀ Yorùbá. Karin Barber, tó bá ẹgbẹ́ Oyin Adejobi ṣeré ní Òṣogbo, kọ ọ́ pé wọn kì í sábà kọ ọ̀rọ̀ eré wọn sílẹ̀. Òṣèré kọ̀ọ̀kan mọ ibi tí ìtàn ń lọ, ó sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ dé ibẹ̀. Ọgbọ́n yìí lè yọ yín: ẹ má tọrọ àforíjì, ẹ má wo ilẹ̀. Ẹ di ìfẹ́ ọkàn ẹni inú eré mú, ẹ sọ kókó rẹ̀ ní Faransé tiyín, kí ẹ sì wọ inú ìpín tó kàn. Ṣùgbọ́n okùn àbáyọ ni, kì í ṣe ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé ni wọ́n pè yín wá sọ.

Èdè ilé kì í ṣe ìdènà

Ní 1933, àwọn ọmọ Dahomey tó wà ní École William-Ponty, ní Senegal, ṣe eré kan lórí ìpàdé ìkẹyìn Béhanzin àti Bayol. Ìtàn ilẹ̀ wọn ni wọ́n fi èdè iléèwé sọ. Ọ̀nà yẹn ṣì ṣí sílẹ̀. Àwọn òbí mìíràn rò pé bí ọmọ bá fẹ́ mọ Faransé sọ lórí pèpéle, kó fi Yorùbá sílẹ̀ nílé. Òdìkejì rẹ̀ ni mo rí nínú kíláàsì: ọmọ tó lè fi èdè ìyá rẹ̀ sọ ohun tí ọ̀rọ̀ Faransé kan ń wí ni ọ̀rọ̀ náà ń pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ jù.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí ọmọ kan bá sọ nílé yín pé orí òun kì í gba nǹkan, ẹ ní kó ki oríkì ilé yín. Bí ó bá kì í já, ẹ fi ìwé eré lé e lọ́wọ́. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.