Kí Ló Ń Kọ Àwọn Èèyàn Lóminú Bí Ìjọba Bá Ní Òun Fẹ́ Tún Etíkun Ṣe?

Mowe ni mò ń gbé, ó sì lè yà yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ etíkun ni mo fẹ́ sọ. A kò ní òkun ní Mowe. Àgbàrá òjò ni tiwa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ danfo láàárọ̀ láti Ibafo lọ sí Berger, tàbí láti Ifo lọ sí Agége, yóò mọ̀ pé bí ẹnì kan bá ti mẹ́nu ba iṣẹ́ tí ìjọba fẹ́ ṣe ní etíkun Èkó, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó wà níbí ni Èkó tì jáde. Owó ilé ló lé àwọn kan, katapílà ló lé àwọn mìíràn. Àwọn kan máa ń pe iyèméjì yìí ní àìmọ̀kan. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Bar Beach ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ ni gbogbo Èkó ti ń ṣe fàájì: ọjọ́ Kérésì, ọjọ́ Iléyá, ẹṣin gígùn, sùyà, àwọn aláṣọ funfun tí wọ́n ń gbàdúrà létí omi. Àmọ́ ara etíkun náà kò yá láti ìgbà pípẹ́. Láti nǹkan bí ọdún 1908 ni ìjọba amúnisìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta mọ ògiri sínú omi ní ẹnu ọ̀sà Èkó, kí ọkọ̀ òkun ńlá lè rọ́nà wọlé. Ìgbì máa ń wọ́ iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Ògiri yẹn dá iyanrìn dúró. Apá ìwọ̀-oòrùn ń sanra, apá ìlà-oòrùn, níbi tí Bar Beach wà, ń rù. Òkun ń jẹ ilẹ̀ lọ́dọọdún títí ó fi ń ya wọ títì Ahmadu Bello.

Nígbà tí ìjọba Èkó wá ní àwọn yóò ti òkun sẹ́yìn, òótọ́ ni pé iṣẹ́ wà láti ṣe. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni Eko Atlantic: ilẹ̀ tí wọ́n fi iyanrìn kún látinú òkun, tó tó mílíọ̀nù 10 mítà oníhà mẹ́rin, tí wọ́n ní èèyàn 250,000 yóò lè gbé. Bill Clinton tó ti jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà wà níbi ayẹyẹ rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2013. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ló kówó sí i, òun ló sì ń ta ilẹ̀ ibẹ̀. Òkun kò jẹ títì mọ́, àmọ́ Bar Beach tí mẹ̀kúnnù ń lọ ti dàwátì.

Ṣáájú èyí ni Maroko. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 1990, nígbà ìjọba ológun Raji Rasaki, wọ́n wó àdúgbò náà kanlẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fi kìlọ̀ fún wọn. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí ni pé èèyàn 300,000 ni kò nílé mọ́. Àlàyé ìjọba ni pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, pé omi lè bò ó, pé ó sì dọ̀tí. Ilẹ̀ kan náà ni àwọn olówó wá kọ́lé sí lẹ́yìn náà, omi kò sì dí wọn lọ́wọ́. Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó ti Maroko wá. Ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ àti bẹ́ẹ̀dì kan ni òun rí gbé jáde. Ẹ ò lè sọ fún irú bàbá bẹ́ẹ̀ pé kó fọkàn balẹ̀.

Ní Tarkwa Bay, ọ̀rọ̀ epo tí wọ́n ń jí látinú páìpù ni àwọn ológun ojú omi fi lé nǹkan bí èèyàn 4,500 jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2020. Àlàyé yàtọ̀, ibi tó já sí kò yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó yí ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn padà, lójú tèmi, ni ti ọdún 2024. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ títì etíkun tí yóò ti Èkó dé Calabar, nǹkan bíi kìlómítà 700, ọ̀nà náà sì gba Landmark Beach kọjá ní Oniru, kò jìnnà sí ilẹ̀ Maroko àtijọ́. Èyí kì í ṣe ilé pákó o! Ibi ìgbafẹ́ ni, àwọn tó ni ín sọ pé òwò tó lé ní 80 ló wà níbẹ̀. Mínísítà iṣẹ́ òde, Dave Umahi, ní ìjọba àpapọ̀ ló ni mítà 250 láti etí omi. Wọ́n san owó gbà-má-bínú fún àwọn kan lójú ọ̀nà náà, wọ́n sì wó ilé. Àwọn tó ń rò pé akúṣẹ̀ẹ́ nìkan ni katapílà mọ̀ rí i pé ó mọ olówó náà.

Òfin tó wà nídìí rẹ̀ ni Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978. Ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, gómìnà sì lè gbà á padà nítorí ànfààní gbogbogbòò. Bó bá gbà á, owó wà fún ilé àti ohun ọ̀gbìn. Fún ilẹ̀ fúnra rẹ̀, iye owó ilẹ̀ tí onílé san fún ìjọba lọ́dún yẹn ni òfin sọ pé kí wọ́n dá padà. Iye tí ilẹ̀ náà yóò tà lọ́jà kò sí nínú ìṣirò. Ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ rárá tún wá ńkọ́? Wọ́n á ní kò kọ́lé lọ́nà òfin.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ àti àdéhùn tí lọ́yà kọ ni ọ̀pọ̀ wa ní ní Mowe, Ibafo àti Ifo, kì í ṣe ìwé gómìnà. Nítorí náà bí wọ́n bá ní ètò tuntun ń bọ̀, yálà létíkun tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀, ìbéèrè tí àwọn èèyàn ń bi ara wọn nínú ọkọ̀ kì í ṣe bóyá yóò rẹwà. Wọ́n ń béèrè ta ni wọ́n yàwòrán rẹ̀ fún, ìgbà wo ni wọ́n á sanwó, ṣé kí wọ́n tó wó ilé ni àbí lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ipò ilẹ̀ tirẹ̀ lè mú ìwé sọ́fè rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n bá a wò ó bóyá ó bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé. Owó díẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Bàbá tó ti Maroko wá yẹn ti lọ lẹ́ẹ̀mejì: kó tó ra ilẹ̀, àti lẹ́yìn tó rà á tán.