Ọyàn Ọkùnrin Tí Ó Wú: Ẹ Kọ́kọ́ Rí Dókítà



Ọ̀rọ̀ òní jẹ́ èyí tí ojú ń ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin láti sọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ta aṣọ ní Ìkìrun sọ fún mi pé ọyàn òun wú bí ti obìnrin, kò sì lè bọ́ ẹ̀wù láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ń kó owó ọjà jọ láti lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni ní Èkó kí wọ́n gé e kúrò. Ó ní: “Ààfáà, ṣé kí n kọ́kọ́ rí dókítà, àbí kí n kàn lọ?”

Mo ní kí ó kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Àìsàn yìí kì í ṣe èpè, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Al-Zahrawi, Mùsùlùmí oníṣẹ́ abẹ ìlú Kọ́dóbà, tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 1013, kọ bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ abẹ rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, al-Tasrif. Ànábì pàápàá gba Arfaja, tí imú rẹ̀ gé lójú ogun, láyè láti fi imú wúrà rọ́pò rẹ̀. Títún ohun tí àìsàn bàjẹ́ ṣe kì í ṣe yíyí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà.

Ṣùgbọ́n bí ọyàn bá wú, ohun kan ni ó fà á. Lára ọmọkùnrin tí ó ń bàlágà, ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù 6 sí ọdún 2. Lára ẹlòmíràn, ọ̀rá lásán ni. Oògùn lè fà á: spironolactone tí a fi ń lé omi kúrò lára, cimetidine tí àwọn ọlọ́gbẹ́ inú ń lò, àti oògùn tí àwọn agbérin fi ń wú iṣan. Ẹ̀dọ̀ tí ó bàjẹ́ tàbí kókó inú kóró ẹpọ̀n náà lè fà á. Bí a bá gé ọyàn tí irú kókó bẹ́ẹ̀ ṣì wà, ẹ̀ka ni a gé, gbòǹgbò ṣì ń jà nílẹ̀.

Jẹjẹrẹ ọyàn náà ń mú ọkùnrin: nínú 100 ẹni tí ó ní in, nǹkan bí ẹnì kan jẹ́ ọkùnrin. Kókó líle lábẹ́ orí ọmú, ẹ̀jẹ̀ tí ń jáde níbẹ̀, tàbí orí ọmú tí ó wọnú, kò yẹ kí a fi falẹ̀.

Ẹni tí ojú ń tì, kí ó rántí pé ìdodo sí orúnkún ni ìhòhò ọkùnrin lójú ọ̀pọ̀ onímọ̀ wa; àyà kò sí níbẹ̀. Bí ó bá sì di dandan kí dókítà yẹ ìsàlẹ̀ wò, ẹ̀sìn gbà á láyè.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ta ni nínú yín tí í sanwó ọjà láì tú àpò wò? Ó lè jẹ́ pé oògùn kan tí dókítà yóò pààrọ̀ ni yóò parí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ń lò fún dókítà, títí kan àgbo.

Òṣogbo kò jìnnà sí wa. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá yẹ̀ ọ́ wò, tí kò sí ewu, tí ọyàn náà kò sì lọ, iṣẹ́ abẹ kò burú. Nígbà náà, béèrè ìwé àṣẹ ẹni tí yóò mú ọ̀bẹ. Ní ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ ti ilé iṣẹ́ abẹ ẹwà kan pa ní Èkó lẹ́yìn ikú obìnrin kan. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sì ti kọ́ wa pé ẹni tí ó ń ṣe ìwòsàn tí a kò mọ̀ mọ́ ọn, ọrùn rẹ̀ ni ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ wà.

Kí Ọlọ́hun wo àwọn aláìsàn wa sàn. Àmín.