Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Kí ló dé tí owó ẹ̀rọ ohùn kan fi ju òmíràn lọ?

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó máa gbé ẹ̀rọ ohùn wá sóde àríyá yín, l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn, ẹ ó rí ẹni tó máa gba ìdajì owó tí ẹlòmíràn pè. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gba ìdajì yìí níṣẹ́ oṣù lọ́wọ́. Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbé sípíkà jáde. Wọn kì í sanwó ṣọ́ọ̀bù, wọn ò sì ní ọmọ iṣẹ́ tó ń retí owó. Kì í ṣe jìbìtì o. Fún ọjọ́ ìbí ọmọdé, sípíkà méjì tó.

Ṣùgbọ́n bí onífújì bá ń bọ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Gángan, omele, àkúbà, olórin, elégbè: kálukú ló fẹ́ máíkì tirẹ̀. Míkísà kékeré ò lè gbà wọ́n. Ní ìta gbangba, bí ọ̀nà láti ìdí sípíkà sí etí yín bá di ìlọ́po méjì, ohùn á fi nǹkan bíi decibel 6 (òṣùwọ̀n agbára ohùn) rẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ará ẹ̀yìn kì í fi í gbọ́ alága ìjókòó bí sípíkà bá jẹ́ méjì péré níwájú, tí àwọn ará iwájú sì ń di etí.

Bí iná bá ṣe ségesège nígbà tí wọ́n ń yí i sí jẹnẹrétọ̀, áńpílífáyà lè jó. Áńpílífáyà kejì tí àwọn tí owó wọn pọ̀ gbé sínú ọkọ̀ wà lára owó tí wọ́n pè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi iṣẹ́ yìí jẹun, ẹ má bá àwọn tó ń ṣe é lópin ọ̀sẹ̀ nìkan du ọ̀pọ́ọ́kú. Ẹ kọ ohun tí owó yín kó sínú sórí ìwé fún oníbàárà.

Oníbàárà, kẹ́ ẹ tó san àsansílẹ̀, ẹ bi wọ́n: "Bí èyí bá jó, èwo lẹ máa gbé jáde?"