Àìsàn Ọpọlọ Olójú Méjì àti Ẹ̀rí Ará Ilé

Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò sì yé ẹnikẹ́ni tó bí ó ti yé ìdílé tí ọmọ wọn ṣàdédé ń dá ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ lóhùn, tí ó sì ń fi gbogbo ẹnu sọ pé àwọn aládùúgbò ń dìtẹ̀ mọ́ òun. Láàárín àwa Ẹ̀gbá, ọmọ Líṣàbí, bí irú èyí bá dé, orúkọ kan ṣoṣo ni ó ń wá sí ẹnu gbogbo ènìyàn: Aró, ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta.

Àìsàn tí mo ń kọ̀wé lé lórí, schizoaffective disorder ni àwọn oníṣègùn ń pè é láti ìgbà tí Jacob Kasanin, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, ti fún un ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní 1933. Ojú méjì ni ó ní. Ní ojú kìíní, aláìsàn a máa gbọ́ ohun tí kò sí, a sì máa gba ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́ tọkàntọkàn. Ní ojú kejì, inú rẹ̀ lè dùn ní àdùnjù, kí ó má sùn lóru, kí ó máa rojọ́ láìdákẹ́, kí ó máa ná ìnákúnàá, tàbí kí ìbànújẹ́ bò ó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀mí ara rẹ̀ yóò fi sú u. Ti ìbànújẹ́ nìkan ni àwọn kan ń ní.

Ó ṣòro láti dá mọ̀, nítorí pé ẹni tí àìsàn ọpọlọ mìíràn ń ṣe náà a máa bànújẹ́, ẹni tí ìbànújẹ́ wọ̀ lára náà a sì máa gbọ́ ohùn nígbà mìíràn. Ohun tí dókítà ń wádìí ni bóyá ohùn tàbí ìgbàgbọ́ òdì náà ti wà fún ọ̀sẹ̀ 2 ó kéré tán ní àkókò tí ìbànújẹ́ tàbí àdùnjù kò sí níbẹ̀ rárá, àti bóyá ìbànújẹ́ tàbí àdùnjù náà ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ àìsàn. Ta ni yóò sọ èyí? Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè sọ ọ́, àwòrán ọpọlọ kò lè sọ ọ́, aláìsàn fúnra rẹ̀ kì í sì í sábà rántí. Ìyá tí ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lóru, ìyàwó tí ó ń gbé oúnjẹ tí a kò fọwọ́ kàn kúrò níwájú rẹ̀, àwọn ni ẹlẹ́rìí.

Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, mọ iyì irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Láti 1944 ni a ti ń kó àwọn aláìsàn ọpọlọ sí Lántorò ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n ní 1954, nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ ilé ìwòsàn Aró lọ́wọ́, Lámbò bá àwọn ará abúlé àyíká sọ̀rọ̀ kí wọ́n fi ilé háyà fún aláìsàn, ó sì fi í ṣe òfin pé kí ìbátan kan tẹ̀ lé aláìsàn kọ̀ọ̀kan, kí ó máa dáná fún un, kí ó sì máa mú un wá gba ìtọ́jú. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pàápàá mọ́ra. Lójú tèmi, kò sí ohun tí Ẹ̀gbá fi kọ́ ayé tí ó ju èyí lọ. Lámbò yìí náà ni ó sì di igbákejì olórí àgbà àjọ ìlera àgbáyé.

Oògùn tí ń pa ohùn àti ìgbàgbọ́ òdì ni ìpìlẹ̀ ìtọ́jú, yálà oníhóró tàbí abẹ́rẹ́ tí a ń gbà lóṣooṣù. A lè fi oògùn lithium kún un kí ọkàn lè dúró sójú kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti kíndìnrín, kí ó máa mu omi dáadáa, kí ó sì sọ fún dókítà kí ó tó gba ààwẹ̀. Oògùn ìbànújẹ́ wà, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú onímọ̀ náà sì wà. Ní ti igi asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn bàbá wa fi ń tọ́jú wèrè, èròjà tí ń mú ọkàn rọlẹ̀ wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ó lè mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù, ó sì lè dá kún ìbànújẹ́, nítorí náà ẹ má ṣe lù ú pọ̀ mọ́ oògùn Aró.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ṣubú ni ìgbà tí ara bá ti yá díẹ̀, tí wọ́n sì dá oògùn dúró. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má ṣe so aláìsàn yín mọ́lẹ̀, ẹ má ṣe fi í pamọ́. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ohùn bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí oorun dá, ọjọ́ tí ìbànújẹ́ dé àti ọjọ́ tí ó lọ, kí ẹ mú un dání lọ bá dókítà. Bí aláìsàn bá sì sọ pé òun yóò pa ara òun, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.