Wíwá Ipò Akẹ́kọ̀ọ́ Kan nínú Èsì Ìdánwò tí Kọ̀ǹpútà Tò

Ìfáárà
Bí ọmọ bá mú káàdì èsì ìdánwò bọ̀ wálé, ìbéèrè àkọ́kọ́ lẹ́nu òbí sábà máa ń jẹ́, "Ipò kelòó ni o gbà?" Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí kọ̀ǹpútà ṣe ń dáhùn ìbéèrè náà, àti ìdí tí ó fi yẹ kí olùkọ́ mọ ọgbọ́n tí ó wà nídìí rẹ̀.

Ìtò ni ó ń bí ipò
Ní 1970 ni Edgar Codd, onímọ̀ tí ó bá ilé-iṣẹ́ IBM ṣiṣẹ́, tẹ tíọ́rì rẹ̀ lórí àkójọ dátà jáde. Lójú tíọ́rì náà, àte dátà dà bí apẹ̀rẹ̀ ọsàn: kò sí èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ tàbí ìkẹyìn. Ìgbà tí a bá pàṣẹ pé kí a to àwọn ìlà inú àte ni ipò tó wáyé. Nítorí náà, bí máàkì ẹnì kan ṣoṣo bá yí padà, ipò àwọn ẹlòmíràn lè yí padà pẹ̀lú.

Ọ̀nà kíkà
Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni pé kí a ka iye àwọn tí máàkì wọn ju ti ẹni tí à ń wá lọ, kí a sì fi 1 kún un. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà bá gba 81, 76, 76, 70, 64 àti 58, ènìyàn mẹ́ta ni ó ju ẹni tí ó gba 70 lọ. Ipò kẹrin ni tirẹ̀. Ẹnì kan péré ni ó ju àwọn tí wọ́n gba 76 lọ. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ni ipò kejì.

Bí máàkì bá ta ọ̀mì
Ibi tí wàhálà wà nìyí. Ìlànà èdè SQL ti 2003 ní àṣẹ mẹ́ta fún iṣẹ́ yìí, èsì wọn kò sì dọ́gba:
RANK: 1, 2, 2, 4, 5, 6
DENSE_RANK: 1, 2, 2, 3, 4, 5
ROW_NUMBER: 1, 2, 3, 4, 5, 6
Ká ní ilé-ìwé ṣèlérí ẹ̀bùn fún ipò kìn-ín-ní sí ìkẹta. DENSE_RANK yóò fún ọmọ tí ó gba 70 ní ẹ̀bùn. RANK kò ní fún un. ROW_NUMBER ní tirẹ̀ yóò ya àwọn tí wọ́n gba 76 sọ́tọ̀ láìnídìí. Bí a bá tún pa àṣẹ náà lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tí ó wà níwájú lè di ẹni ẹ̀yìn.

Títo orúkọ
Bí a bá fẹ́ fi orúkọ pààlà láàárín àwọn tí máàkì wọn dọ́gba, lẹ́tà Yorùbá 25 ní ètò tiwọn. Kọ̀ǹpútà tí a kò bá pàṣẹ ìtò Yorùbá fún lè to orúkọ nípa nọ́ńbà tí ó dúró fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Yóò gbé Ṣọlá sẹ́yìn Yẹmí, yóò sì fi Gbénga ṣáájú Gíwá, bẹ́ẹ̀ g ni ó ń ṣáájú gb nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa.

Ìkádìí
Kọ̀ǹpútà kì í ṣe ojúsàájú, ṣùgbọ́n àṣẹ tí a bá pa fún un ni yóò tẹ̀ lé. Ó yẹ kí ilé-ìwé fẹnu kò lórí ọ̀nà tí yóò gbà pín ipò kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, kí olùkọ́ sì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún òbí tí ó bá béèrè.