Ta Ló Ń Gbé Òkúta: Apá àbí Ọkàn?

Àwọn èèyàn Iceland kò tó 400,000. Síbẹ̀, ìgbà 9 ni wọ́n ti gba ife World's Strongest Man: Jón Páll Sigmarsson gbà á ní 4, Magnús Ver Magnússon gba 4, Hafþór Björnsson, òmìrán inú Game of Thrones yẹn, gba ti 2018. Ẹ gbọ́, kí ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní etíkun Djúpalónssandur, òkúta 4 ṣì wà níbẹ̀ tí àwọn apẹja àtijọ́ fi ń dán ara wọn wò: kílò 23, 54, 100 àti 154. Ẹni tí kò bá lè gbé ti kílò 54, wọn kì í kà á sí ẹni tó yẹ kó bá wọn lọ sókun. Kì í ṣe fáàrí o. Àjẹ̀ ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀ nígbà yẹn.

Àmọ́ ohun kan wà tí òkúta ò lè wọ̀n: ọkàn. Ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mò ń ṣe, ibi tó sì ń kọ mí lóminú nìyí. Tá a bá fẹ́ gbé ẹrù ńlá, a máa ń sé èémí kí ẹ̀yìn lè dúró gbọn-in. Lásìkò yẹn, iṣan tó le koko á fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ní 1985, àwọn onímọ̀ gbé èsì jáde nípa àwọn tó ń gbé irin: bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ẹrù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ga dé nǹkan bíi 320/250. Téèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, nǹkan bíi 120/80 ni. Tí wọ́n bá ti sọ ẹrù kalẹ̀, kíá ló máa ń wálẹ̀. Ọkàn tó dá ṣáṣá lè fara dà á. Èyí tó ní àbùkù tẹ́nì kan ò mọ̀ ńkọ́?

Ní January 1993, Jón Páll kú nígbà tó ń gbé irin nílẹ̀ nínú jíìmù. Ẹni ọdún 32 ni. Apá kọ́ ló já a kulẹ̀, òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde ni.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má gbé irin o; ó ń ṣe ara lóore. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wọn ìfúnpá yín. Ẹ bi àwọn àgbà nílé bóyá ẹnì kan kú ikú òjijì rí nínú ẹbí. Ẹ fi kílò kún un díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa mí síta bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e sókè. Tí àyà bá ń dùn yín tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kẹ́ ẹ rí dókítà.

Ìgbà wo lẹ wọn ìfúnpá yín gbẹ̀yìn?