Àìsàn Ni Ìsoríkọ́, Kì Í Ṣe Ọ̀lẹ

Ẹ̀yin ará Òkè Ìdànrè, bí àgbẹ̀ bá pa kòkó tó pọ́n tì sí oko, tí oorun dá lójú rẹ̀, tí ayé sì sú u fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a rọ̀ yín kí ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ó lè jẹ́ ìsoríkọ́, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹ mú un lọ sí ibùdó ìlera tó sún mọ́ yín. Ilé ìwòsàn ìjọba fún àìsàn ọpọlọ wà ní Àkúrẹ́. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.

Láti ọdún 1954, ní Aro, Abẹ́òkúta, Dókítà Adéoyè Lámbò jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé ní abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn bí wọ́n ti ń gba ìtọ́jú. Ẹbí wà lára oògùn.